Excel ni tàbí Dátábéèsì? Ohun tí Ojú Wa Rí Nídìí Àkọsílẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí pín fọ́ọ̀mù tuntun ni àwọn òbí kan ti ń bi wá pé, “Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ tún ń bèèrè yìí náà ni a kọ fún yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Níbo ni ẹ kó o sí?” Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín lásán dáhùn rẹ̀. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ àkọsílẹ̀ ni wọ́n ní kí a ṣe àlàyé.

Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ìparí ọdún kan, a fi orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì san owó ilé-ìwé ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ sí ẹ̀ka wa ní Òǹdó lórí WhatsApp. Ústáàsì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ka orúkọ náà, ó sì ní kí ọmọ mẹ́sàn-án padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí ó wà ní ọdún kejì Ibtidaiyyah. Ìyá rẹ̀, tí ó ń ta èlùbọ́, dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì kó rìsíìtì mẹ́ta jáde: ó ti san owó náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò. Nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti parí ìdánwò Náhàwù. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn bi wá pé, bí rìsíìtì yìí bá ti sọnù mọ́ òun lọ́wọ́ ńkọ́? A kò rí èsì kankan fọ̀ fún un.

Nígbà tí a wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé akápò wa gba owó náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdánwò, ó fẹ́ kí orúkọ àwọn ọmọ tò láti A dé Z kí ìwé náà lè dùn-ún wò. Ó mú òpó orúkọ nìkan, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà tò ó. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun kó àwọn òpó yòókù tẹ̀lé e, ó dáhùn pé rárá, nítorí kò yé e. Orúkọ bá ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, owó kò ṣí. Orúkọ ọmọ tí ó ti san wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ owó ọmọ tí kò san. Kò sí ariwo kankan, kọ̀ǹpútà kò tan iná pupa, ìwé náà sì mọ́ rekete lójú. Àṣìṣe wa ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. A tún ìdánwò náà ṣe fún àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, a sì kọ ìwé àforíjì sí àwọn òbí wọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa pé, ṣé irinṣẹ́ tí ó yẹ iṣẹ́ yìí ni a ń lò ni?

Irinṣẹ́ tí akápò wa ń lò ni àwọn Òyìnbó ń pè ní spreadsheet. Lọ́dọ̀ wa, Excel ni a ń pe gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ inú ọ̀rá ní Omo. Ó dà bí ojú-ewé ìwé ìṣirò ńlá kan tí a fà nílà ní ìbú àti ní òòró. Ohun tí ó bá wù wá ni a lè kọ sínú àpótí kéékèèké inú rẹ̀. Bí a bá sì sọ fún àpótí kan pé kí ó jẹ́ àròpọ̀ àwọn tí ó wà lókè rẹ̀, nígbàkúùgbà tí a bá yí ọ̀kan padà ni àròpọ̀ náà yóò yí fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1979 ni VisiCalc jáde, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kékeré. Dan Bricklin, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ okòwò ní Harvard, ni èrò náà sọ sí lọ́kàn nígbà tí ó ń wo ìṣirò lójú pátákó tí ó jẹ́ pé bí nọ́ńbà kan bá yí, gbogbo ìyókù ni a ní láti nù kúrò kí a tún un kọ. Òun àti Bob Frankston ni wọ́n jọ ṣe é. Lotus 1-2-3 tẹ̀lé e ní 1983, Excel sì dé ní 1985. Ìṣirò ni wọ́n ṣe é fún láti ìpìlẹ̀, kì í ṣe rẹ́jísítà ènìyàn.

Dátábéèsì ní tirẹ̀ jẹ́ ibi ìpamọ́. (Dátà tí a ń wí níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù. Ohunkóhun tí a bá kọ sílẹ̀ nípa ènìyàn tàbí nípa nǹkan, dátà ni.) Ní ọdún 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tí ó la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ dátábéèsì ṣì ń tọ̀ títí di òní. Ìṣirò ńláńlá wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò le. Kọ nǹkan kọ̀ọ̀kan sí ojú kan ṣoṣo. Fún un ní nọ́ńbà tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Ibikíbi tí o bá ti tún nílò rẹ̀, nọ́ńbà náà ni kí o fi tọ́ka sí i, má ṣe tún un kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àkáǹtì ní báńkì ti mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé BVN jáde ní 2014, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ènìyàn kan ní nọ́ńbà kan, ì báà ní àkáǹtì ní báńkì márùn-ún, kí báńkì márààrún sì kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún. Ìpínlẹ̀ wa náà ṣe irú rẹ̀ ní ìgbà ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímìkò, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà láti 2009 sí 2017, nígbà tí wọ́n ṣe Káàdì Ìgbé-Ayọ̀ fún àwọn olùgbé Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Ní ilé-kéú, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí tilẹ̀ le ju ti báńkì lọ. Bí a bá fi Lárúbáwá kọ Sulaiman, ọ̀nà kan ni, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ wá wo bí a ṣe ń fi lẹ́tà Òyìnbó kọ ọ́: Sulaiman, Sulaimon, Suleiman, Sulaymon. Abdul-Lateef ńkọ́? Ilé kan á kọ Abdullateef, ilé kejì á kọ Lateef nìkan, ìyá àgbà tí ó mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀ á ní Látífù ni àwọn ń pè é. A ní ọmọ kan tí ó jẹ́ Sulaimon nínú rẹ́jísítà kíláàsì, Suleiman nínú ìwé owó, Sulaiman nínú ìwé èsì ìdánwò. Lójú Excel, ọmọ mẹ́ta ni. Nígbà tí a wá fara balẹ̀ ka àwọn ọmọ wa lójúkojú, a rí i pé iye tí a máa ń kà ní gbangba lọ́jọ́ wòlímà ti pọ̀ ju iye orí tí ó wà nínú kíláàsì. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni parọ́, Sulaimon wa ni ó ti di mẹ́ta.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà. A ní Fátímà méjì tí bàbá àwọn méjèèjì ń jẹ́ Abdul-Azeez, ọ̀kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ní Òǹdó. Díẹ̀ ni ó kù kí máàkì Hádíìsì ti Àkúrẹ́ bọ́ sórí káàdì ti Òǹdó. Nínú dátábéèsì, Fátímà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ọjọ́ tí ó wọlé, máàkì sì ń tẹ̀lé nọ́ńbà, kì í tẹ̀lé orúkọ.

Ẹ tún wo bàbá kan tí ó ní ọmọ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Nínú Excel, a kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó yí láìnì padà, ó sì sọ fún wa. A tún mẹ́ta ṣe, a gbàgbé ẹ̀kẹrin. Ọjọ́ tí ara ọmọ kẹrin kò yá ní kíláàsì ni a wá ń pe nọ́ńbà tí ó ti di ti ẹlòmíràn. Nínú dátábéèsì, ìwé àwọn òbí dá dúró, ìwé àwọn ọmọ dá dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ni a kọ orúkọ bàbá àti fóònù rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà náà ni ó wà lára àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí fóònù bá yí, ojú kan ni a ó ti tún un ṣe. Ìwé owó náà dá dúró bákan náà: rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà ọmọ, àti orúkọ ẹni tí ó gba owó náà. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ owó, a kì í tò ó lọ́wọ́ mọ́. A ó bi dátábéèsì léèrè, òun ni yóò ro gbogbo rìsíìtì ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Kò sí bí títo orúkọ ṣe lè gbé owó ọmọ kan fún èkejì.

Dátábéèsì tún lè kọ ohun tí kò tọ́, bí a bá ti sọ fún un pé kí ó kọ̀ ọ́. Kò ní gba rìsíìtì tí kò ní nọ́ńbà ọmọ, kò ní gba ọgbọ̀n ọjọ́ nínú oṣù Fẹ́búárì, kò ní jẹ́ kí ọmọ méjì jẹ́ nọ́ńbà kan. Excel náà ní ibi tí a ti lè fún un ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a mọ̀ tí wọ́n ń lò ó kì í sáábà dé ibẹ̀, àwa náà kò dé ibẹ̀.

Kàkà kí Excel kọ ohun tí kò yé e, ó máa ń gbìyànjú láti ràn wá lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ náà a sì máa di wàhálà. Bí ẹ bá kọ fóònù 0803 àti ìyókù rẹ̀ sínú rẹ̀ láìṣe ètò, yóò gbà pé nọ́ńbà ìṣirò ni, yóò sì yọ òdo iwájú dànù. Báyìí ni àkáǹtì báńkì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo náà ṣe ń di oní-nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ yóò di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Tiwa tún ní ti Híjírà nínú. Ústáàsì wa kan kọ 15/9/1444 sí ẹ̀gbẹ́ owó tí ó gbà nínú ààwẹ̀ Rámádánì, èyí tí ó bọ́ sí oṣù Máàṣì àti Épírì ọdún 2023. Ọdún 1900 ni kàlẹ́ńdà Excel ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò mọ 1444 sí ọjọ́ rárá, ọ̀rọ̀ lásán ni ó kà á sí. Nígbà tí a ní kí ó to owó náà bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn, gbogbo owó ààwẹ̀ lọ kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀ ilé-kéú ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa jíìnì ara ènìyàn ní jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MARCH1, òmíràn ń jẹ́ SEPT1. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú Excel ni ó ń sọ ọ́ di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Máàṣì àti ti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ó sú wọn débi pé ní 2020, ìgbìmọ̀ tí ó ń sọ jíìnì lórúkọ kéde pé àwọn ti yí orúkọ náà padà: MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1.

Ní ọdún 2020 yìí kan náà, nígbà àrùn Kòrónà, àjọ tí ó ń bójú tó ìlera ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Public Health England, ń kó èsì àyẹ̀wò láti ilé àyẹ̀wò wá sínú fáìlì Excel ti àtijọ́. Irú fáìlì àtijọ́ yẹn kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ti òde òní ń gba 1,048,576. Ẹnì kan sì ń gba ìlà púpọ̀. Nígbà tí ìlà tán, èyí tí ó ṣẹ́kù kò wọlé. Báyìí ni orúkọ ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò fi sí nínú iye tí wọ́n ń kéde láàárín ọjọ́ 25 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà àti ọjọ́ 2 oṣù Òkítóbà. Àwọn aláìsàn náà gba èsì wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tètè wá àwọn tí wọ́n ti bá pàdé kàn, kí wọ́n lè sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sílé. Ìyá elélùbọ́ ní rìsíìtì lọ́wọ́ tí ó fi bá wa wí. Ẹni tí ó bá aláìsàn jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a kò ní kí ẹ sọ Excel nù. Ìṣirò máàkì, ètò ìnáwó wòlímà, iye àpò ìrẹsì tí a ó rà fún ìṣínu, kò sí ohun tí ó dà bí Excel fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni kan á jókòó tì í, á ṣe é tán ní ìrọ̀lẹ́ kan, á tẹ̀ ẹ́ jáde. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò tí ó ní ọgọ́ta ènìyàn nínú jámáà, tí akápò kan ṣoṣo ń kọ owó oṣooṣù wọn, kí ni yóò fi dátábéèsì ṣe? Excel tó o. Ká sọ òótọ́, ìwé kíkọ tí a fi rúlà fà tó o pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lò ó, ẹ kọ́kọ́ sọ òpó fóònù di Text kí ẹ tó kọ nǹkan sí i, kí òdo má baà sọnù. Ẹ sì sọ gbogbo ìwé náà di Table, nítorí nínú Table, bí orúkọ bá ṣí, gbogbo ohun tí ó wà ní ìlà rẹ̀ ni yóò bá a ṣí. Ká ní a ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni, ìdánwò Náhàwù kò bá tí bọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí a fi ń mọ ìgbà tí Excel kò tó mọ́ kì í ṣe bí ìwé ti pọ̀ tó. Ọwọ́ tí ó ń kọ ọ́ ni kí a kà, àti iye oríṣi nǹkan tí ó so mọ́ ara wọn. Nígbà tí a wà ní Àkúrẹ́ nìkan, akápò kan ni, ìwé kan ni. Nígbà tí a ṣí ẹ̀ka Òǹdó, fáìlì di méjì. Fláàṣì ni a fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lójú ọ̀nà Òwènà, bí Àkúrẹ́ bá sì ti ń kọ tirẹ̀, Òǹdó náà ń kọ tirẹ̀, títí a kò fi mọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó mọ́. A gbìyànjú Google Sheets, tí ọwọ́ púpọ̀ lè kọ lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dín wàhálà fláàṣì kù lóòótọ́, ó sì ń rántí ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹnìkan bá pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n Sulaimon ṣì jẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì lè ṣí i láti kọ máàkì, ó lè fi ojú kan náà rí owó tí bàbá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Júùnù 2023 kò fi ojú rere wo irú èyí, ó sì fún dátà àwọn ọmọdé ní ààbò tirẹ̀. Nínú dátábéèsì, a lè ṣe é kí ústáàsì rí máàkì kíláàsì tirẹ̀ nìkan, kí akápò rí owó nìkan, kí a sì mọ ẹni tí ó yí nǹkan padà àti ìgbà tí ó yí i.

Dátábéèsì ní ewu tirẹ̀, a kò ní fi pamọ́ fún yín. Ó gba kí ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n tò ó, onítọ̀hún sì lè lọ sìn ìlú tàbí kí ó lọ sí òkè òkun, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Nítorí náà, èyí tí ẹlòmíràn lè kà tí ó sì lè tún ṣe ni a mú, kì í ṣe èyí tí ó dára jù lọ lójú ẹni tí ó tò ó. Bí àṣìṣe bá sì wọ inú rẹ̀, ó máa ń kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí oṣù Méè 2025, nígbà tí JAMB fúnra wọn jáde wá jẹ́wọ́ pé àtúnṣe tí ó yẹ kí ó dé orí gbogbo ẹ̀rọ wọn kò dé orí àwọn kan, tí ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò fi ní láti tún ìdánwò ṣe. Ìdí nìyí tí a kò fi ní jó ìwé rìsíìtì wa níná. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a ó máa ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà, ọ̀kan ní Àkúrẹ́, ọ̀kan ní Òǹdó. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ni a ó máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí bí iná bá lọ, a ṣì lè ka ìwé.

Ìpinnu wa nìyí: orúkọ ọmọ, òbí àti owó yóò wọ dátábéèsì, ìṣirò máàkì yóò wà nínú Excel títí a ó fi parí rẹ̀, àbájáde rẹ̀ nìkan ni yóò wọlé. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òbí kan, fọ́ọ̀mù kan, ì báà ní ọmọ mẹ́fà. Kí ẹ kọ orúkọ ọmọ bí ó ṣe wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ẹ sì bá wa kọ ọ́ ní Lárúbáwá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá gún, ọmọ náà yóò kọ ọ́ fún yín, iṣẹ́ ilé rẹ̀ ni. Kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì, ó kéré tán, pẹ̀lú òdo iwájú. Ẹ mú rìsíìtì ọdún yìí dání nígbà tí ẹ bá ń dá fọ́ọ̀mù padà, kí a jọ fi wé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kí ẹ tó kúrò lórí ìjókòó. Ní Àkúrẹ́, ọ́fíìsì akápò ni kí ẹ mú un lọ. Ní Òǹdó, ìyá elélùbọ́ wa ti gbà láti máa bá àwọn ìyá gba fọ́ọ̀mù wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sì ní òun yóò máa yẹ rìsíìtì wò fúnra òun.